Kíréṣì onígéètì yẹ́lò ní Bariga: ìràwọ̀ mẹ́rin, ọwọ́ ìjọba ni ìkarùn-ún wà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin bàbá náà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Mo ti ṣèlérí nígbà tí mo fi ọmọ mi sí kíréṣì pé tó bá pé oṣù mẹ́fà màá wá ròyìn bí ibẹ̀ ṣe rí, ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí, iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè, ẹ máà bínú. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o. Màmá tó ni ín ló bẹ̀ mí, wọ́n ní èrò ti pọ̀ jù, tí mo bá tún lọ gbé àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ò ní rójú sùn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Bariga dáadáa, tó mọ apá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Ìlàjẹ, á mọ géètì yẹ́lò tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ aládàáni, kì í ṣe ti ìjọba. Òfin iṣẹ́ ìlú yìí ní ọ̀sẹ̀ 12 ni kí wọ́n fún obìnrin tó lóyún, mẹ́fà kó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bí tán, owó tí wọ́n á sì máa san fún un ò gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Èmi dá ọgbọ́n sí i, mo ń gbé oyún wọ báàsì Ọbáléndé títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ méjì tí màá bí, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè ṣẹ́ kù fún èmi àti ọmọ. Kọ̀ńdọ́ kan tiẹ̀ ní kí n sanwó èèyàn méjì lọ́jọ́ kan. Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, oṣù kan náà la jọ bímọ. Láti 2014, nígbà tí Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ni ìjọba Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn obìnrin ní oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù tó pé, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń fún àwọn ọkọ náà ní ọjọ́ 10. Ọmọ tiẹ̀ ṣì ń mu ọmú lórí itan ẹ̀ nígbà tí tèmi ti ń mu fíìdà lọ́wọ́ àjèjì, ìlú kan náà la sì wà, afárá ló là wá láàárín.

Òfin yẹn tún ní kí wọ́n máa fún ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lákòókò iṣẹ́, kó fi lọ fún ọmọ lọ́mú. Ẹ gbọ́ ná. Láti Marina sí Bariga? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò tíì gbé mi dé Adékúnlé! Ọmú ń kún, mo ń fún un sínú ike nínú yàrá tá à ń kó bébà fọ́tòkọ́pì sí, mo ti ilẹ̀kùn pa, ọ̀gá mi kan sì wá ń kanlẹ̀kùn pé òun ń wá bébà A4.

Màámi wá bá mi wẹ ọmọ, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ àdìrẹ ni wọ́n ní ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, oníbàárà ò sì ní dúró de ẹni tó wá wẹ ọmọ l'Ékòó. Àwọn tó máa ń sọ pé "ṣebí o ní ìyá, gbọ́mọ fún ìyá ẹ", ó dà bíi pé wọ́n rò pé gbogbo ìyá àgbà ló jókòó sílé tí wọ́n ń ka òrùlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Tí mo bá gba ọmọ ọdún mọ́kànlá láti ìlú wọn wá pé kó wá máa tọ́mọ tèmi, ta ló ń tọ́ òun? Mi ò ṣe.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíréṣì. Ibi àkọ́kọ́ tá a wò, Yaba ló wà, ₦120,000 lóṣù. Ibẹ̀ dùn ún wò, ẹ̀rọ amúlétutù, kámẹ́rà tó o lè fi fóònù wo ọmọ ẹ láti ọ́fíìsì, gbogbo àwọn àǹtí wọ yúnífọ́ọ̀mù. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a jáde. Ìkejì, Ṣómólú. Wọ́n ní ₦18,000, inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ bi ara mi léèrè ohun tó mú un rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo rí i pé ìdí ọmọ ti pọ́n. Mo fi báírò fa ìlà tín-ín-rín kan sára pámpáàsì kí n tó gbé e sílẹ̀ láàárọ̀. Mo dé nírọ̀lẹ́, mo tú u, ìlà mi ló ń wò mí. Pámpáàsì aago méje àárọ̀, ó ti wúwo bíi kànìnkànìn tó mumi yó, mẹ́rin tí mo kó sínú báàgì ẹ̀ ò sì sí ńbẹ̀ mọ́. Mi ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Mo gbọ́mọ, mo gbé kúlà, mo lọ.

Ìyá kan tá a jọ ń gbélé ló wá júwe onígéètì yẹ́lò fún mi. ₦30,000 lóṣù, ₦10,000 fún fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan péré. Ilé àtijọ́ ni, yàrá méjì àti pálọ̀ ńlá kan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì pupa tó ń dán bíi ti ilé bàbá àgbà wa. Bàtà kì í wọlé. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, Màmá á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, wọ́n á tún ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lábíyá, ọmọ tí ara ẹ̀ bá gbóná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa gbé e padà lọ, kò sí ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, mo bínú lọ́jọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò tíì kó àrùn kankan wálé láti ibẹ̀, ẹni tó bá ti lo kíréṣì rí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Gbogbo ọmọ ló ní ìwé fọ́tì lífù tiẹ̀ tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Mo ní tèmi níwájú mi báyìí: "10:15, ó jẹ ògì, ó ku díẹ̀. 12:40, ó yàgbẹ́, ó rọ̀. 1:00, ó sùn. 2:30, ó ń wá mọ́mì ẹ̀." Ọjọ́ tí mo ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́nu géètì, mo ṣe bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

Wọ́n sì máa ń pọn ọmọ. Wọn kì í tò wọ́n sórí ẹní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n sí wọn. Ọmọ tó bá ń ké, ẹ̀yìn àǹtí ló ń lọ, oríkì ni wọ́n sì fi ń rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tá a gba fọ́ọ̀mù ni Màmá ti béèrè oríkì ọmọ mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Mi ò rí kíréṣì tó béèrè ìyẹn rí, ti Yaba olówó ńlá yẹn bi mí bóyá ọmọ mi ní email.

Ó dáa, àléébù wọn ńkọ́? Ọmọ 22, àǹtí mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ní géètì yẹ́lò, ojú mẹ́fà ni, mẹ́jọ tẹ́ ẹ bá ka ti Màmá mọ́ ọn, ọ̀kan nínú méjèèjì ọ̀hún sì ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Mo yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo bá àǹtí kan, ọmọ kan wà lẹ́yìn ẹ̀, òmíràn wà ní apá òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún ìkẹta lóúnjẹ, ìkẹrin di etí ìró ẹ̀ mú, ó ń ké. Kò jágbe mọ́ wọn o. Ó kàn ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀ fún ti ẹ̀yìn, ó ń wí pé "ó tó, ó tó, mò ń bọ̀", oúnjẹ ọ̀sán tiẹ̀, ẹ̀wà àti búrẹ́dì, wà lójú wíńdò, ó ti tutù, eṣinṣin ti bá a tọ́ ọ wò.

Àléébù kejì, àwọn àǹtí kì í pẹ́. Èyí tí ọmọ mi fẹ́ràn jù, tó jẹ́ pé tó bá ti gbóhùn ẹ̀ á kúrò lọ́rùn mi láìwẹ̀yìn, ó lọ lóṣù kẹta. Ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ló lọ, wọ́n fi ₦15,000 kún un fún un. Ọmọ mi fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ké láràárọ̀. Mo bínú sí Màmá, mo ní ṣé wọn ò lè fi nǹkan díẹ̀ kún owó ọmọ náà ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ ta búrẹ́dì.

Ìkẹta, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì, lẹ́yìn ìyẹn ₦1,000 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ afárá Third Mainland ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó kúrò ní Marina láago márùn-ún tó dé Bariga láago mẹ́fà, ẹyẹ ló gùn. Jẹnẹrétọ̀ wọn náà ń pariwo, ṣùgbọ́n ti ta ni ò pariwo ní Bariga, ẹ jẹ́ a fi ìyẹn sílẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o, ìràwọ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ dáa ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ò tó. Àfi ọjọ́ kan lóṣù keje tí òjò fi ń rọ̀ láti ọ̀sán, tí ọkọ̀ kan bà jẹ́ lórí afárá, tá a jókòó sójú kan náà ju wákàtí kan lọ, fóònù mi ti kú. Mo dé géètì yẹ́lò láago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ti rin gbingbin. Mo bá Màmá nìkan, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n pọn ọmọ mi, ó ti sùn lọ fọnfọn, wọ́n tan láńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣírò owó nínú ìwé ńlá kan. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, dìde ńlẹ̀, ta ni ò mọ̀ pé òjò rọ̀. Jókòó, jẹ́ kí aṣọ ẹ gbẹ díẹ̀ kó o tó gbé e." Wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo wá la ẹnu béèrè pé kí ló dé tí wọn ò lè fi kún owó àwọn àǹtí. Wọ́n yí ìwé náà sí mi. Wọ́n ní, "Kà á, ìwọ tó o kàwé."

Mo kà á. Ọmọ 22 ní ₦30,000, ₦660,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn 17 ló san lóṣù yẹn, márùn-ún yòókù ní "Màmá ẹ ní sùúrù", ó di ₦510,000. Àǹtí mẹ́ta, ₦55,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦165,000. Ìyá tó ń dáná tó tún ń fọṣọ, ₦40,000. Owó ilé, tẹ́ ẹ bá pín in sóṣù, ₦125,000. Epo jẹnẹrétọ̀ ₦60,000, omi ₦25,000, gáàsì, ọṣẹ, Izal àti àwọn tó ń já wálé lójoojúmọ́ pé àwọn wá gba owó pátákó orúkọ tó wà níta, ₦45,000. ₦50,000 ló kù fún Màmá fúnra wọn, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn láago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Àǹtí tó lọ ta búrẹ́dì sì ń gbà ju ẹni tó gbà á síṣẹ́ lọ!

Mo délé, mi ò lè sùn, mo mú fóònù, mo ṣírò ọ̀nà kejì. Ká ní Màmá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, àǹtí mẹ́fà dípò mẹ́ta, kí ọmọ má ju bíi mẹ́rin lọ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí wọ́n sì san ₦85,000 tí gómìnà Sanwo-Olu kéde ní 2024 fún òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti fún ìyá tó ń dáná. (Òfin owó oṣù tó kéré jù ò tiẹ̀ mú Màmá, nítorí kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25.) Ẹ fi owó ilé, epo, omi àti ìyókù kún un, ẹ fún Màmá náà ní ₦150,000. Ó di mílíọ̀nù kan. Ẹ pín in fún ọmọ 22, ó lé díẹ̀ ní ₦45,000 fún ọmọ kan, ìyẹn tí kò bá sí ẹni tó jẹ gbèsè o. Ìyá tó ń gba ₦85,000, ó ti lé ní ìdajì owó ẹ̀ nìyẹn, kò tíì wọ báàsì, kò tíì jẹun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Owó tí mò ń san pọ̀ jù fún mi, ó sì kéré jù fún ẹni tó ń gbọ́mọ, méjèèjì jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí olè láàárín wa. Màmá ò yàn wá jẹ. Ọgbọ́n ọjà kankan ò lè tán an, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó ń pọn ọmọ, ẹ ò lè ní kí àǹtí kan pọn ọmọ mẹ́wàá kí iṣẹ́ lè yá. ₦15,000 tó wà láàárín ₦30,000 àti ₦45,000 yẹn, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀, ẹni tí mo sì rí náà ni ìjọba.

Ẹ má sọ pé ìjọba ò mọ̀. Òfin UBE, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 ka ìtọ́jú ọmọ kékeré mọ́ ara ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ní, ìjọba àpapọ̀ sì ń yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò wọn sọ́tọ̀ fún UBE. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2013 fi ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí títí dé ọmọ ọdún mẹ́rin sọ́wọ́ àwọn aládàáni àti àwọn iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ, ọmọ ọdún márùn-ún ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà mọ́ tiẹ̀. Tó o bá tiẹ̀ délé ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa, ọ̀sán ni wọ́n ń jáde, ọ̀sán sì rèé, mo ṣì wà ní Marina. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìgbà tí ọmọ gbówó lórí jù, tí ìyá sì kéré lówó jù, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n yọwọ́.

Àbúrò ọkọ mi kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìjọba ló ní kẹ́ ẹ bímọ ni? Kí ìjọba tún wá máa bá èèyàn tọ́mọ?" Mo ní ó dáa, ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Marina lọ sí Mile 2 láti 2023, owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé ẹnì kan bi àwọn tó ń wọ̀ ọ́ pé ṣé wọn ò lẹ́sẹ̀ ni? Wọ́n ṣe ojú irin kí èèyàn lè débi iṣẹ́. Kíréṣì náà ni mo fi ń débi iṣẹ́. Ọjọ́ tí géètì yẹ́lò ò bá ṣí, kò sí ojú irin tó lè gbé mi dé Marina, owó orí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa ń yọ nínú owó oṣù mi kí n tó fojú kàn án, kò ní rí i yọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀bà. Kò tíì bímọ, ojú rẹ̀ á là.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Montreal ní Kánádà sọ fún wa pé ní Quebec, láti 1997 ni ìjọba ti gbé owó sí i, dọ́là 5 lójúmọ́ ni òbí ń san nígbà yẹn, ó ti lé ní 9 báyìí, ìjọba ló ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí kíréṣì. Àwọn ìyá tó padà síbi iṣẹ́ pọ̀ sí i dáadáa. Wọ́n ń tò sórí ìlà o, ẹlòmíì á tò títí ọmọ á fi máa sáré kiri, mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀run ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tò sórí ìlà mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú ìlà.

Mi ò sì ní kí wọ́n wá kọ́ ilé alájà mẹ́ta kí gómìnà wá gé ríbọ́ǹ. Ilé Màmá ti wà. Kí wọ́n máa san lára owó àwọn àǹtí, kó gba ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá, kí ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa gbà á, kí wọ́n sì máa wá wo ìdí àwọn ọmọ pẹ̀lú ìwé fọ́tì lífù, kì í ṣe kí wọ́n wá wo pátákó ìta. Kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ọjà. Ẹ lọ sí Balógun lọ́sàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì àwọn tó ń ta aṣọ, ẹ máa rí ọmọ tó ń sùn nínú páálí Indomie, ìyá ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan ti páálí náà síwá sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ na lésì fún oníbàárà. Èmi tó ní ₦30,000 láti san, mo tún sàn.

Nítorí náà mo ti fi ìràwọ̀ kan kún un fún Màmá, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ìmọ́tótó, máàkì tó pé. Oúnjẹ dáa, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ tí ọmọ yín ò bá jẹ ata, ọwọ́ ìyá tó ń dáná le. Owó, ó tọ́ sí wọn jùyẹn lọ, ẹ má lọ dúnàádúrà pẹ̀lú wọn, mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì san án kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí wọ́n ń tì ò bá ẹni tó ń sọdá afárá mu, ẹ wá ẹni tó lè bá yín lọ gbọ́mọ ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, èmi àti ìyá tá a jọ ń gbélé ti ń gba ti ara wa báyìí, òun lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, èmi lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ kọ orúkọ ọmọ sára gbogbo nǹkan, kúlà, fíìdà, bàtà, títí dé ìdérí fíìdà. Ẹ mú ẹní kékeré dání, tiwọn ò kárí. Àyè ọmọ méjì ló kù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn ò gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má sọ pé èmi ló júwe yín.